Ojú Ta Ni Kí Ère Ní? Ọ̀rọ̀ Ère Panápaná Tí Wọn Ò Gbé Dúró ní Brooklyn

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 2002, wọ́n fagi lé ère kan ní New York kí wọ́n tó da idẹ rẹ̀ rárá. Owó tí wọ́n là sílẹ̀ fún un tó 180,000 dọ́là, gíga rẹ̀ ì bá sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 19. Panápaná mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń fa àsíá Amẹ́ríkà sókè láàrin àlàpà. Iwájú olú iléeṣẹ́ panápaná ìlú náà, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí FDNY, ní MetroTech ní Brooklyn, ni wọ́n fẹ́ gbé e sí. Owó kò tán, kò sì sẹ́ni tó ní iṣẹ́ ọ̀hún burẹ́wà. Ojú ló dá ìjà sílẹ̀: ojú ta ni kí àwọn mẹ́ta yẹn ní?

Mo ka ọ̀rọ̀ yìí sí èyí tó yẹ kí gbogbo ìgbìmọ̀ tó bá fẹ́ ṣe ère ìrántí fún panápaná tàbí fún òṣìṣẹ́ áḿbúláǹsì yẹ̀ wò fínnífínní kí wọ́n tó pe oníṣẹ́ ère kankan. Àwọn tó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú. Ire ni wọ́n ní lọ́kàn, síbẹ̀ láàrin nǹkan bí oṣù kan péré, gbogbo ẹ̀ ti dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́.

Fọ́tò ló bí ère náà. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, nígbà tí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ń lọ lù, ilé gogoro méjèèjì ti World Trade Center ti wó láti àárọ̀, lẹ́yìn tí àwọn apániláyà fi ọkọ̀ òfurufú kọlù wọ́n. Wọ́n ti ní kí àwọn panápaná sún sẹ́yìn, nítorí pé ilé keje nínú ọgbà náà fẹ́ wó, ó sì wó lóòótọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Daniel McWilliams, panápaná láti ikọ̀ Ladder 157 ní Brooklyn, ń kọjá lọ lẹ́bàá odò Hudson nígbà tó rí àsíá lára ọkọ̀ ojú omi afẹ́ kan tí wọ́n so mọ́ èbúté, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Star of America. Ó mú àsíá náà, ó ká a kó má bàa kan ilẹ̀. Ó pàdé George Johnson, tí àwọn méjèèjì jọ wà ní Ladder 157, ó ní kó bá òun ká lọ. William Eisengrein ti ikọ̀ Rescue 2, ọ̀rẹ́ McWilliams láti kékeré, rí wọn lọ́nà, ó béèrè bóyá wọ́n fẹ́ kí òun ran àwọn lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe di mẹ́ta nìyẹn. Kò sí ọ̀gá kankan tó rán wọn níṣẹ́.

Thomas E. Franklin, ayàwòrán ìwé ìròyìn The Record ní New Jersey, ló rí wọn láti ọ̀nà jíjìn, tó fi lẹ́ǹsì gígùn yà wọ́n. Ẹ bá mi wo fọ́tò náà. Òpó àsíá ọ̀hún kò dúró ṣánṣán. Ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ìgbà tí àlàpà tì í. Aṣọ iṣẹ́ tó ní ìlà tó máa ń dán ló wà lọ́rùn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, eruku sì ti kun gbogbo rẹ̀. Kò sí èyí tó wo kámẹ́rà nínú wọn. Òkè ni gbogbo wọn ń wò, ibi tí àsíá ń gbà lọ. Irin tó lọ́ àti kọnkéré tó fọ́ ló wà lẹ́yìn wọn, eérú bo gbogbo rẹ̀, débi pé àwọ̀ àsíá yẹn nìkan ló pọ́n nínú àwòrán náà.

Kò pẹ́ tí fọ́tò yìí fi gba gbogbo ayé kan. Ẹni tó bá ti rí èyí tí Joe Rosenthal yà ní Iwo Jima, erékùṣù kan ní Japan, ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 1945, níbi tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti ń gbé àsíá dúró lórí òkè, á mọ̀ pé ìbejì ni àwọn àwòrán méjèèjì. Fọ́tò Rosenthal yẹn náà di ère idẹ ńlá tí Felix de Weldon ṣe, tí wọ́n ṣí ní Arlington ní 1954. Nítorí náà, kò sí ohun ìyàlẹ́nu nínú kí ẹnì kan rò pé ó yẹ kí fọ́tò Franklin di ère pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí n tètè fi kún un pé ère Arlington yẹn fúnra rẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ ojú. Iléeṣẹ́ ọmọ ogun Marine tún ìwádìí ṣe lórí àwọn tó wà nínú fọ́tò 1945 náà, wọ́n yọ orúkọ kan kúrò, wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní 2016, wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2019. Ó ti lé ní 70 ọdún tí wọ́n ti ya fọ́tò náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tọ́ràn kàn ti kú tipẹ́, wọ́n ṣì ń wá bí orúkọ yóò ṣe bá ojú mu. Bí ère bá ti ara fọ́tò olókìkí jáde, ẹni tó ń wò ó kò ní yéé wá àwọn tó wà nínú fọ́tò náà.

Èyí gan-an ni àwọn ará Brooklyn kò rò dé ìsàlẹ̀. Bruce Ratner, tí iléeṣẹ́ rẹ̀, Forest City Ratner, ń bójú tó ilé tí olú iléeṣẹ́ FDNY wà, ló fẹ́ fi ère náà ta ìlú lọ́rẹ. StudioEIS, iléeṣẹ́ oníṣẹ́ ère kan ní Brooklyn, ló gba iṣẹ́ náà. Ní ìparí ọdún 2001 wọ́n ṣí aṣọ lójú àwòṣe rẹ̀ tí wọ́n fi amọ̀ mọ. Ìdúró àwọn panápaná náà, aṣọ wọn, òpó tó fì, bí ọwọ́ ṣe wà lára okùn, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kó tọwọ́tẹsẹ̀ láti inú fọ́tò Franklin. Ojú nìkan ni wọ́n yí padà. Aláwọ̀ funfun ni McWilliams, Johnson àti Eisengrein. Nínú amọ̀, ẹnì kan ṣẹ́ kù ní aláwọ̀ funfun, ẹnì kejì di adúláwọ̀, ẹnì kẹta di ọmọ ìran Látìn.

Àlàyé tí iléeṣẹ́ panápaná ṣe kò ṣòro láti lóye. Nínú àwọn 343 tí FDNY pàdánù lọ́jọ́ yẹn, 12 jẹ́ adúláwọ̀, 12 sì jẹ́ ọmọ ìran Látìn. Wọ́n ní ère náà kì í ṣe ti àwọn mẹ́ta kan, ti gbogbo àwọn tó kú ni, ó sì yẹ kí ìdílé kọ̀ọ̀kan rí ara tiwọn níbẹ̀.

Àwọn panápaná kan kò gbà. Ìwé ẹ̀hónú bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilé panápaná kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ń fọwọ́ sí i. Wọ́n ní àwọn mẹ́ta ló fa àsíá sókè, gbogbo ayé sì rí wọn. Bí èèyàn bá wá yí ojú wọn padà, ìtàn ló ń tún kọ. Lọ́yà àwọn mẹ́ta náà sọ pé ó dun àwọn oníbàárà òun. Àwọn ìdílé kan lára àwọn tó kú náà bá wọn dá sí i. Lódì kejì, Vulcan Society, ẹgbẹ́ àwọn panápaná adúláwọ̀ New York tí wọ́n dá sílẹ̀ láti 1940, sọ pé ohun tí ère dúró fún ló jà jù, pé kíkó gbogbo àwọ̀ èèyàn pọ̀ sójú kan ṣe pàtàkì ju kí ère bá fọ́tò mu lọ. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n gbé e, àwọn tí kò gbé New York rí náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn dá sí i. Ìgbà tó fi máa di àárín oṣù kìíní, ọ̀rọ̀ ti di iṣu ata yán-an-yàn-an. Nicholas Scoppetta ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò kọmíṣọ́nnà panápaná lábẹ́ Michael Bloomberg, tí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ di olórí ìlú. Ìjà tí wọn kò dá sílẹ̀ ni wọ́n jogún. Wọ́n yọwọ́ nínú ère náà, wọ́n ní àwọn yóò lọ tún èrò pa.

Èrò tèmi nìyí, mo sì mọ̀ pé kò ní tẹ́ ìhà méjèèjì lọ́rùn. Àwọn tó fẹ̀hónú hàn jàre lórí ohun kan: o kò lè mú ìṣe ẹni tó wà láàyè, kí o mú ìdúró rẹ̀ àti aṣọ rẹ̀, kí o wá bọ́ ojú rẹ̀ sọnù. Bí ìṣe náà bá jẹ́ tirẹ̀, ojú náà tirẹ̀ ni. Bó bá sì jẹ́ pé gbogbo èèyàn ni ère náà wà fún, kí o wá ìdúró mìíràn tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Àwọn oníṣẹ́ ère Brooklyn fẹ́ jẹ méjèèjì pọ̀: wọ́n fẹ́ òkìkí fọ́tò náà, wọ́n tún fẹ́ òmìnira ẹni tí kò ti ara fọ́tò kankan ṣiṣẹ́.

Òmìnira yẹn wà, ẹlòmíràn sì ti lò ó rí. Ní Washington, nítòsí ògiri ìrántí ogun Vietnam, ère idẹ ọmọ ogun mẹ́ta kan wà tí Frederick Hart ṣe, tí wọ́n ṣí ní 1984. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ funfun, ọ̀kan adúláwọ̀, ọ̀kan ọmọ ìran Látìn. Ìṣirò kan náà ni, kò yàtọ̀ rárá. Wọ́n jà lórí ère Hart náà o, ṣùgbọ́n ìjà yẹn dá lórí bóyá ó yẹ kí ère èèyàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà rárá. Kò sẹ́ni tó jáde wá sọ pé òun ló wà níbẹ̀ tí wọ́n sì yí ojú òun padà, nítorí pé Hart kò mú wọn láti inú fọ́tò ẹnikẹ́ni.

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó fẹ̀hónú hàn nìyí. Wọ́n sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ojú àwọn mẹ́ta yẹn nìkan ni wọ́n fẹ́ yí padà. Ẹ wo iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ nígbà yẹn. Nínú panápaná bí 11,500, aláwọ̀ funfun tó ìdá 94 nínú 100. Àwọn adúláwọ̀ kò tó 3 nínú 100, àwọn ọmọ ìran Látìn sì lé díẹ̀ ní 3, nínú ìlú tó jẹ́ pé àwọn ìran méjèèjì yìí pọ̀ lọ jàra nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ya panápaná mẹ́ta láìmọ̀ ní ọjọ́kọ́jọ́, ó ṣeé ṣe jù kí gbogbo wọn jẹ́ aláwọ̀ funfun. Fọ́tò náà kò purọ́ nípa FDNY. Ère náà ni ì bá purọ́: yóò fi ìdá méjì nínú mẹ́ta fún àwọn tí wọn kò tó 6 nínú 100 lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn aráàlú tó ń kọjá níwájú olú iléeṣẹ́ náà yóò máa rí iléeṣẹ́ tí kò sí. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Àwọn adúláwọ̀ 12 tó kú kò ṣe aláìlórúkọ, wọ́n ní ojú. Bí iléeṣẹ́ bá fẹ́ bọlá fún wọn, ó lè fi orúkọ wọn àti ojú tiwọn gan-an sára idẹ. Ojú àfọkànyàwòrán kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara Johnson tàbí Eisengrein kò bọlá fún ẹnì kankan nínú wọn.

Ohun kan wà tí ìgbìmọ̀ náà ṣe dáadáa, bóyá wọ́n mọ̀ tàbí wọn kò mọ̀: amọ̀ ni wọ́n fi han aráyé. Amọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fi mọ irú ère bẹ́ẹ̀. Lára amọ̀ yẹn ni wọ́n á ti yọ mọ́ọ̀dù, wọ́n á fi ìda tẹ́ inú rẹ̀, wọ́n á wá fi ohun tí iná kò lè ràn bo ìda náà. Tí wọ́n bá ti gbé e sínú iná, ìda á yọ́ dànù, idẹ gbígbóná á sì gba ipò rẹ̀. Ère tó bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà 19, ní ẹ̀là ẹ̀là ni wọ́n máa ń da á, kí wọ́n tó jó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Títí di ìgbà tí ojú ṣì wà nínú amọ̀, àtàǹpàkò lásán lè yí imú padà. Tó bá ti di idẹ, àfi kí wọ́n gé orí sọnù. Ìgbìmọ̀ tó bá fi àwòṣe amọ̀ pamọ́ títí di ọjọ́ ìṣíde kàn ń fi owó ta tẹ́tẹ́ ni.

Nígbà tí gbogbo èyí ń lọ lọ́wọ́, ère panápaná mìíràn wà ní Manhattan tí kò sẹ́ni tó bá a jà. Àwọn panápaná ìpínlẹ̀ Missouri ló ní kí wọ́n ṣe e fún àwọn, Ítálì ni wọ́n sì ti da idẹ rẹ̀. Panápaná kan ni, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, ó fọwọ́ lérí, ìbànújẹ́ ti dorí rẹ̀ kodò. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, ère náà dé pápákọ̀ òfurufú Kennedy, kí ó tó tẹ̀ síwájú lọ Missouri. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ni ìkọlù náà ṣẹlẹ̀, wọ́n dá gbogbo ọkọ̀ òfurufú dúró, ère sì há sí New York. Àwọn Missouri àti àwọn tó ṣe é pinnu pé kó kúkú máa gbé ibẹ̀. Wọ́n fi í ta ìlú náà lọ́rẹ. Wọ́n gbé e sí iwájú hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Eighth Avenue, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó òdòdó, àbẹ́là àti fọ́tò àwọn tí wọ́n ń wá wá síbẹ̀ fúnra wọn. Kò sí ìgbìmọ̀ tó jókòó lórí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó béèrè ìran tí panápaná náà ti wá. Ojú rẹ̀ kì í ṣe ojú ẹnikẹ́ni, ó sì tún dorí kodò, nítorí náà gbogbo ẹni tó dé ibẹ̀ ló fi ojú ẹni tirẹ̀ sí i. Nígbà tó yá wọ́n gbé e pamọ́, kí wọ́n tó tún gbé e jáde síwájú ilé ìfowópamọ́ kan ní òpópónà 43rd ní 2011.

New York fúnra rẹ̀ ti yanjú ọ̀rọ̀ ojú yìí lọ́nà mìíràn láti 1913. Ní Riverside Drive, ní òpópónà 100th, ìrántí panápaná kan wà tí H. Van Buren Magonigle yàwòrán ilé rẹ̀, tí Attilio Piccirilli sì gbẹ́ àwọn ère rẹ̀. Ikú igbákejì ọ̀gá panápaná kan tó ń jẹ́ Charles Kruger, tó kú lẹ́nu iṣẹ́ ní 1908, ló mú kí wọ́n ronú kàn án. Síbẹ̀, ẹ kò ní rí Kruger níbẹ̀. Ère tó wà lápá kan dúró fún Ojúṣe, èyí tó wà lápá kejì dúró fún Ìrúbọ: obìnrin ni wọ́n fi ṣe méjèèjì, nígbà tó jẹ́ pé kò sí obìnrin kan ṣoṣo lẹ́nu iṣẹ́ panápaná ìlú náà nígbà yẹn. Kò sẹ́ni tó pè é ní irọ́, torí kò sẹ́ni tó rò pé fọ́tò ẹnì kan ni. Ohun tó jọ iṣẹ́ gidi níbẹ̀ ni àwòrán ẹṣin tó ń sáré fa ẹ̀rọ panápaná lọ síbi iná. Ní 1927, wọ́n tún fi àwo idẹ kan síbẹ̀ fún àwọn ẹṣin náà. Mo fẹ́ràn àwo yẹn ju àwọn ère ńláńlá méjèèjì lọ, torí ẹni tó ní kí wọ́n fi síbẹ̀ mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ.

Ọ̀nà kẹta wà ní òpópónà Liberty, ní ẹ̀gbẹ́ ilé panápaná tí wọ́n ń pè ní Ten House, tó kọjú sí ibi tí àwọn ilé gogoro náà dúró sí. Wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2006. Ògiri idẹ ni, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 56. Iléeṣẹ́ Rambusch ló ṣe é; iléeṣẹ́ àwọn lọ́yà kan, Holland & Knight, ló san owó rẹ̀, nítorí Glenn Winuk, lọ́yà tó wà lára wọn, tó tún jẹ́ panápaná olùyọ̀ǹda ara ẹni ní Long Island, sá wọ inú ilé gogoro náà lọ ran àwọn èèyàn lọ́wọ́, kò sì jáde. Lórí ògiri yìí, àwọn ilé tó ń jó wà láàárín, ọ̀wọ́ panápaná wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì: àwọn kan ń ṣiṣẹ́, ó ti rẹ àwọn kan. Wọ́n pọ̀ débi pé kò sí ẹnì kan tó gba ojú iwájú mọ́ èkejì lọ́wọ́. Orúkọ gbogbo àwọn 343 wà nísàlẹ̀, pẹ̀lú ti Winuk. Àwòrán ṣe ti àwòrán, orúkọ ṣe ti orúkọ. Wọn kò fi tipá mú kí ère mẹ́ta gbé ẹrù èèyàn 343.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tú iye 343 yẹn wò. Méjì nínú wọn kì í ṣe panápaná rárá, òṣìṣẹ́ ìtọ́jú pàjáwìrì ni wọ́n. Ìdí tí wọ́n fi wà nínú rẹ̀ ni pé wọ́n ti da ẹ̀ka áḿbúláǹsì ìlú náà pọ̀ mọ́ FDNY ní 1996. Àwọn òṣìṣẹ́ áḿbúláǹsì mìíràn tí ilé ìwòsàn ń sanwó fún sáré lọ síbẹ̀ bákan náà, wọ́n kú síbẹ̀ bákan náà, orúkọ wọn kò sì sí nínú 343. Ìwé owó oṣù ni iye yẹn ń tẹ̀ lé. Ìyẹn kò mú kó burú, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbé ìrántí dúró gbọ́dọ̀ mọ ibi tí iye tó ń kọ sára òkúta ti wá. Ní ibi ìrántí ńlá tí Michael Arad yàwòrán rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 2011 níbi tí àwọn ilé gogoro náà dúró sí tẹ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ adágún gúúsù ni wọ́n kọ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ pàjáwìrì sí, panápaná, ọlọ́pàá àti àwọn ti áḿbúláǹsì, láìka ẹni tó ń san owó oṣù wọn sí.

Lójú oníṣẹ́ ère, òṣìṣẹ́ áḿbúláǹsì tún le ju panápaná lọ. Panápaná lè dá dúró: tó bá ti dé àṣíborí, tó ti gbé họ́ọ̀sì tàbí àáké lọ́wọ́, ọmọdé pàápàá á mọ ohun tó jẹ́. Òṣìṣẹ́ áḿbúláǹsì tó dá dúró pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́ jọ ẹni tó ń lọ sí ìrìn àjò. Iṣẹ́ rẹ̀ kò hàn àfi tí ẹlòmíràn bá wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, aláìsàn, ẹni tó fara pa. Níbẹ̀ ni ìbéèrè ojú yóò tún ti yọjú, ó sì le ju ti Brooklyn lọ, torí pé ẹni tó wà nílẹ̀ kò gbà kí wọ́n ya òun. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìrántí fi ń sọ orúkọ àwọn méjèèjì nínú ọ̀rọ̀ ìṣíde, tí wọ́n á sì gbẹ́ panápaná nìkan.

Fọ́tò Franklin ní tirẹ̀ kò kú pẹ̀lú ère. Ní 2002 kan náà, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ sórí sítáǹpù tí wọ́n fi èlé sí owó rẹ̀, kí èlé náà lè lọ sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ pàjáwìrì tó fara pa àti ìdílé àwọn tó kú. Ojú àwọn mẹ́ta náà ló wà lórí rẹ̀ bó ṣe rí, owó tó sì wọlé lé ní mílíọ̀nù 10 dọ́là. (Àsíá ọ̀hún fúnra rẹ̀ ní wàhálà tirẹ̀. Ó pòórá níbi tí wọ́n fà á sí. Èyí tí wọ́n ń gbé káàkiri pé òun ni, tí àwọn olórí ìlú tilẹ̀ fọwọ́ sí, tóbi ju ti ọkọ̀ afẹ́ náà lọ nígbà tí àwọn tó ni ọkọ̀ wò ó. Ìpínlẹ̀ Washington, ní òdìkejì orílẹ̀-èdè náà, ni wọ́n ti wá rí ojúlówó rẹ̀, tó fi dé inú mùsíọ́mù ìrántí náà ní 2016.)

Ẹ̀tẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ ńkọ́? Oṣù kejìlá ọdún 2002 kan náà tí wọ́n fagi lé ère, ìlú New York ṣe ìdánwò àkọsílẹ̀ tuntun fún àwọn tó fẹ́ di panápaná. Ní 2007, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlú náà lọ sí kóòtù lórí ìdánwò yẹn àti ti 1999 tó ṣáájú rẹ̀; Vulcan Society náà wà nínú ẹjọ́ ọ̀hún. Ní 2009, Adájọ́ Nicholas Garaufis dájọ́ pé ìdánwò méjèèjì ń já àwọn adúláwọ̀ àti àwọn ọmọ ìran Látìn sílẹ̀ láìsí ẹ̀rí pé ohun tí wọ́n ń béèrè kan iṣẹ́ panápaná. Ní 2014, ìlú gbà láti san nǹkan bíi mílíọ̀nù 98 dọ́là fún àwọn tọ́rọ̀ kàn. Kó tó dìgbà yẹn, láti 2013, àwọn kan lára àwọn tí ìdánwò yẹn ti tì síta ti wọ ilé ẹ̀kọ́ panápaná, ọ̀pọ̀ wọn sì dàgbà ju àwọn tí wọ́n jọ ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ dáadáa.